Fífi Ètò Tuntun Sínú Kọ̀ǹpútà Àtijọ́

Ẹni tí ó bá ti Ìgàndò gba Ẹgàn lọ sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ọ̀jọ́ yóò rí àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń bá akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀wé. Tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí irú àwọn ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ ń lò: ó ti sin òyìnbó kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá, kí ó sì gba Ọ̀tìgbà ní Ìkẹjà tàbí Alábà dé ọ̀dọ̀ wa.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Microsoft dáwọ́ àbójútó Windows 10 dúró, àfi fún ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àkókò. Kí ni èyí já sí? Ètò tí ó ń darí kọ̀ǹpútà dàbí ìyálọ́jà: òun ní ń pín àyè fún iṣẹ́ gbogbo, òun náà ní ń rán kíbọọ̀dù àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé níṣẹ́. Bí olè bá rí ihò lára ògiri ọjà, àtúnṣe tí ilé-iṣẹ́ ń fi ránṣẹ́ ni a fi ń dí i. Bí àtúnṣe kò bá wá mọ́, ihò yóò wà gbayawu, kọ̀ǹpútà yóò sì máa ṣiṣẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ẹ sì rántí iye fláàṣì tí ń wọ inú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lóòjọ́ nígbà tí àpilẹ̀kọ àṣekágbá bá kù sí dẹ̀dẹ̀!

Windows 11, tí ó jáde ní 2021, ń fẹ́ RAM 4GB àti àyè 64GB. Èyí kò ṣòro. TPM 2.0, ẹ̀yà kékeré tí ń pa àṣírí mọ́, ni ògiri tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àgbà ń forí sọ. Bákan náà, Microsoft kò fọwọ́ sí èyí tí ó pọ̀ jù nínú Intel tí ó ṣáájú ìran kẹjọ ti 2017. Àwọn kan mọ ọgbọ́n tí a fi ń fo ògiri náà, ṣùgbọ́n Microsoft kò ṣèlérí àtúnṣe fún ẹni tí ó bá fò ó. Èmi kò gbà á nímọ̀ràn.

Linux ni ó tọ́ sí irú wọn. Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní Finland, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1991. Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, gbé Ubuntu jáde láti inú rẹ̀ ní 2004 (ìtumọ̀ orúkọ náà kò jìnnà sí ọmọlúwàbí tiwa). Linux Mint Xfce, tí a gbé ka Ubuntu, lè ṣiṣẹ́ lórí RAM 2GB, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé 4GB ni ó dára. Ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ kọ́kọ́ da gbogbo iṣẹ́ yín kọ sí ibòmíràn. Lẹ́yìn èyí, ẹ tan kọ̀ǹpútà láti orí fláàṣì tí Mint wà, kí ẹ dán ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wò kí ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì kò ní bátìrì. Bí iná bá lọ níbi tí ó ti ń pín dísìkì, ọ̀tun ni ẹ ó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá jẹnẹrétọ̀ tàbí UPS sí ìtòsí. Bí owó bá wà, SSD ni kí ẹ fi rọ́pò hard disk àtijọ́. Ìyẹn ni yóò mú kí ó yára jù.

Fún àwa oní-Yorùbá, kíbọọ̀dù Yorùbá wà nínú rẹ̀ lábẹ́ Nigeria. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: àwọn iṣẹ́ tí a fi fọ́ńtì àdáni àtijọ́ tẹ̀ lè di wúruwùru lórí ètò tí kò ní fọ́ńtì náà, àmì ohùn àti ìsàlẹ̀ ẹ̀ yóò sì pòórá. Ẹ sọ wọ́n di PDF lórí Windows kí ẹ tó pa á rẹ́.