Ìmọ́lẹ̀ Kì Í Kéré Torí Pé Mọ́tò Kéré

Iléeṣẹ́ Tamiya tó wà nílùú Shizuoka, lórílẹ̀-èdè Jàpáànù, ń ta ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ oníke tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú 24 ti mọ́tò gidi. Ọkọ̀ tó gùn ní mítà 4.32 á di sẹ̀ǹtímítà 18. Ẹni tó rà á ni yóò lẹ̀ ẹ́ pọ̀, tí yóò sì kùn ún. Táyà á pé, iná á pé, síbẹ̀ ẹni tó bá rí fọ́tò rẹ̀ á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ohun ìṣeré ni. Ọ̀dà ló ń tú àṣírí.

Gbogbo ọ̀dà ara mọ́tò gidi, láti ìsàlẹ̀ dókè, nípọn tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà. Bí a bá ní ká dín òun náà kù bí a ṣe dín mọ́tò kù, á ku nǹkan bí 0.004 mìlímítà, kò sì sí ọwọ́ tó lè kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó bo ike dáadáa. Bí ọ̀dà ṣe ń gbẹ, ojú rẹ̀ máa ń rí gbágungbàgun bí èèpo ọsàn. Lára mọ́tò gidi, èèyàn kì í fiyè sí i. Lára èyí tó ṣeé gbé lé àtẹ́lẹwọ́, àfi bíi pé ẹnì kan sọ gbogbo gegele yẹn di ìlọ́po 24.

Bí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ sára ohun tó tẹ́jú, ọ̀nà kan náà ni gbogbo rẹ̀ á ta gbà padà, a ó sì rí àwòrán nínú rẹ̀. Bí ojú ohun náà kò bá tẹ́, ìmọ́lẹ̀ á fọ́n káàkiri, gbogbo rẹ̀ á wá rí bàìbàì. Ìgbì ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ń rí ni òṣùwọ̀n ohun tó tẹ́jú, gígùn rẹ̀ kò sì ju 0.0004 sí 0.0007 mìlímítà lọ. Ìlà tàbí gegele tó bá kéré sí èyí dáadáa kò da ìmọ́lẹ̀ láàmú. Isaac Newton ti sọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀, Opticks, lọ́dún 1704: ẹni tó ń fi yanrìn dán dígí kàn ń sọ ìlà ojú rẹ̀ di wẹ́wẹ́ ni, títí ojú ò fi rí wọn mọ́.

Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ọ̀nà àbùjá. Lórí àwọ̀ ni wọ́n ń fọ́n ọ̀dà aláìláwọ̀ sí ní ìpele mélòó kan, torí òun ni wọn yóò fá. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ dénú. Àwọn tó mọṣẹ́ máa ń gbé e sí imú: bí òórùn tínà tí wọ́n fi po ọ̀dà bá ṣì ń jáde, wọ́n á dá a padà sórí pẹpẹ. Lẹ́yìn náà ló kan omi àti sanpépà, láti nọ́ńbà 2000 lọ sókè. Àwọn mìíràn ń lo Micro-Mesh, tí wọ́n tún fi ń tún fèrèsé ọkọ̀ òfuurufú ṣe, tí nọ́ńbà tirẹ̀ lọ láti 1500 dé 12000. (Ẹ má fi wé nọ́ńbà sanpépà lásán o, òṣùwọ̀n wọn yàtọ̀.) Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní: kó fá ìlà tí èyí tó ṣáájú rẹ̀ fà kúrò, kó fi tirẹ̀ tó kéré sí i sílẹ̀. Ẹni tó fo ìpele kan láti tètè ṣe tán á rí i tó bá gbé ọkọ̀ náà sábẹ́ iná. Kọ́ńpáàǹdì tí wọ́n fi ń dán ọ̀dà ló kẹ́yìn, irú èyí tí àwọn pẹ́ńtà mọ́tò nílùú wa náà ń lò. Tamiya ń ta mẹ́ta, ọ̀kan kúnná ju ọ̀kan lọ. Ẹni tó sáré lọ ra wáàsì kàn ń fowó ṣòfò ni, torí dídí ló ń dí ìlà fún ìgbà díẹ̀.

Etí ni ewu wà. Ọ̀dà tútù máa ń fà sẹ́yìn kúrò ní igun tó mú, nítorí náà ibẹ̀ ló máa ń fẹ́lẹ́ jù, ibẹ̀ náà sì ni ìka ń tẹ̀ jù. Láìpẹ́ ike á yọjú, kò sì sí àtúnṣe ju kí a tún un kùn. Ọlọ́gbọ́n á fi téèpù bo etí ilẹ̀kùn àti bọ́nẹ́ẹ̀tì kó tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan ti pa sanpépà tì, wọ́n ń lo ọ̀dà aláìláwọ̀ tí à ń po nǹkan méjì pọ̀ ṣe, torí ó máa ń dán fúnra rẹ̀. Kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní isocyanate wà nínú ọ̀kan nínú méjèèjì, ó sì lè fa ikọ́ fée tí kì í lọ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ́n ọn nínú yàrá, ẹ má sì rò pé ìbòmú aṣọ tó.