Ìyípadà ààtò sáfà íméèlì nínú áàpù wẹ́ẹ̀bù tí ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́

Ìyípadà ààtò sáfà íméèlì lójú iṣẹ́ ni ọ̀nà tí áàpù wẹ́ẹ̀bù fi ń pààrọ̀ sáfà tí ó ń bá a fi lẹ́tà ránṣẹ́, láìjẹ́ pé a dá áàpù náà dúró tàbí pé a tún kóòdù rẹ̀ kọ. Sáfà ni kọ̀ǹpútà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa dá àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn lóhùn. Sáfà íméèlì ni èyí tí ń gba lẹ́tà lọ́wọ́ áàpù, tí ó sì ń gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí a kọ ọ́ sí. Ọ̀rọ̀ náà lè dà bí ti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dúró de èsì ìdánwò, ìwé ẹ̀rí owó sísan tàbí lẹ́tà ìyípadà ọ̀rọ̀ aṣínà tí kò dé, mọ ohun tí ó rọ̀ mọ́ ọn. Ìjàǹbá tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn okùn abẹ́ òkun ní etíkun Abidjan ní ọdún 2024 mú kí ìdí rẹ̀ túbọ̀ hàn kedere.

Bí lẹ́tà ṣe ń kúrò nínú áàpù

Áàpù wẹ́ẹ̀bù kì í sábà gbé lẹ́tà dé ilé fúnra rẹ̀. Ó ń fà á lé sáfà íméèlì lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí oníṣòwò ṣe ń fa ẹrù lé awakọ̀ lọ́wọ́ ní ibùdókọ̀. Èdè tí àwọn méjèèjì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni SMTP. Jon Postel ni ó kọ ìlànà rẹ̀ jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1982. A sì tún un ṣe ní ọdún 2008. Kí áàpù tó lè bá sáfà sọ̀rọ̀, ó gbọ́dọ̀ mọ ohun márùn-ún:

1. Orúkọ sáfà náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.
2. Nọ́ńbà pọ́ọ̀tù, èyí tí í ṣe nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà tí a ó gbà wọlé. Pọ́ọ̀tù 25 wà fún sáfà sí sáfà. 587 àti 465 ni áàpù ń lò láti fi lẹ́tà sílẹ̀.
3. Irú ìdáàbòbò tí a ó fi bo ọ̀rọ̀ náà. Bí àwọn Yorùbá ti ń di àrokò kí ẹni tí kì í ṣe olúwa rẹ̀ má baà lóye rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni TLS ń yí ọ̀rọ̀ padà lójú ọ̀nà. Ní pọ́ọ̀tù 465, ìdáàbòbò yìí ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìfọ̀rọ̀wérọ̀. Ní 587, ó ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí áàpù bá ti béèrè fún un.
4. Orúkọ ìwọlé àti ọ̀rọ̀ aṣínà.
5. Àdírẹ́sì tí lẹ́tà náà yóò jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Nínú ọ̀pọ̀ áàpù, inú fáìlì kan ni a ń kọ nǹkan wọ̀nyí sí, áàpù a sì kà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tí ó bá ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ọdún 2011, nínú ìlànà tí a mọ̀ sí Twelve-Factor App, Adam Wiggins gbà wá nímọ̀ràn pé kí a yọ irú ààtò bẹ́ẹ̀ kúrò nínú kóòdù pátápátá. Ìmọ̀ràn náà dára, ṣùgbọ́n ààtò tí a kà nígbà ìbẹ̀rẹ̀ kì í yí padà títí a ó fi tún áàpù náà bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Abidjan

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, ìyẹn WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne, bàjẹ́ ní etíkun Abidjan. Okùn wọ̀nyí wà lára àwọn tí ń so Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mọ́ ilẹ̀ Yúróòpù. Ohun tí a fura sí jùlọ ni ìyíwọ́ ilẹ̀ nísàlẹ̀ òkun, nítorí pé àfonífojì jíjìn kan, tí èdè Faransé ń pè ní Trou Sans Fond, bẹ̀rẹ̀ ní ìtòsí etíkun ìlú náà gan-an. Íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ségesège ní Côte d'Ivoire, Lìbéríà, Gánà, Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ sì kọjá kí àtúnṣe tó parí.

Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ìyàtọ̀ àárín áàpù méjì ń hàn. Bí sáfà íméèlì bá wà ní Yúróòpù tí ọ̀nà rẹ̀ sì dí, áàpù tí ààtò rẹ̀ wà nínú kóòdù yóò dúró de ẹni tí yóò tún un kọ. Èyí tí ààtò rẹ̀ ṣeé yí padà lójú iṣẹ́ lè kọjú sí sáfà mìíràn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí sáfà kejì náà bá wà ní Abidjan, tí àwọn iléeṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn sì so mọ́ CIVIX, ibùdó tí àwọn iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ti ń ṣe pàṣípààrọ̀ dátà nínú ìlú náà, lẹ́tà tí a kọ sí àpótí tí ó wà nínú orílẹ̀-èdè náà kò ní í nílò láti la òkun kọjá.

Ìdí kejì kò ní í ṣe pẹ̀lú ìjàǹbá. Áàpù kan lè máa sìn ọ̀pọ̀ ilé-ìwé tàbí ẹgbẹ́ papọ̀, bí ilé-ìwé kan ní Cocody àti ẹgbẹ́ ọmọ Èjìgbò kan ní Treichville. Olúkúlùkù ń fẹ́ kí lẹ́tà jẹ́ orúkọ tirẹ̀, kí ó sì gba ọ̀dọ̀ sáfà tirẹ̀ kọjá.

Bí a ṣe ń ṣe é

A ń tọ́jú ààtò olúkúlùkù sínú àká dátà, kì í ṣe inú kóòdù. Ọ̀rọ̀ aṣínà gbọ́dọ̀ wà nínú àrokò, kí kọ́kọ́rọ́ àrokò náà sì wà níbòmíràn. Nígbà tí lẹ́tà bá fẹ́ lọ, áàpù yóò ka ààtò náà, yóò sì fi í ṣe ìsopọ̀ tuntun. Nínú Django, iṣẹ́ tí get_connection ń ṣe nìyí. Nínú Spring, JavaMailSenderImpl ni a ń lò. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí a máa yí orúkọ sáfà padà lórí ohun èlò kan ṣoṣo tí gbogbo oníbàárà jọ ń lò. Bí ìbéèrè méjì bá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́tà ilé-ìwé lè gba sáfà ẹgbẹ́ kọjá. Nítorí náà, ẹnìkọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìsopọ̀ tirẹ̀.

Kí a tó fi ààtò tuntun pamọ́, a ń dán an wò: áàpù yóò wọlé sí sáfà náà, yóò sì fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí alábòójútó. Bí ìdánwò bá kùnà, ààtò àtijọ́ ni yóò máa bá iṣẹ́ lọ.

Lẹ́tà tí kò tíì lọ gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà. Bí èsì sáfà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4, ìdíwọ̀n ìgbà díẹ̀ ni. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5, ìkọ̀sílẹ̀ ni. Ìlànà ọdún 2008 dámọ̀ràn pé kí ìgbìyànjú kan jìnnà sí èkejì tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí a má sì jáwọ́ kí ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún tó pé. Ohun tí ó yẹ kí lẹ́tà orí ìlà gbé dání ni orúkọ ẹni tí ó ni ín, kì í ṣe ààtò sáfà fúnra rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn lẹ́tà tí ó ti wà lórí ìlà yóò máa kan ilẹ̀kùn sáfà àtijọ́ lẹ́yìn tí a ti yí ààtò padà.

Ààbò àti òfin

Ẹni tí ó bá lè yí sáfà íméèlì padà lè darí gbogbo lẹ́tà ìyípadà ọ̀rọ̀ aṣínà sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀, kí ó sì gba àkáǹtì gbogbo ènìyàn. Nítorí náà, àwọn alábòójútó díẹ̀ nìkan ni ó yẹ kí ó ní àṣẹ yìí. A gbọ́dọ̀ tún béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà wọn kí wọ́n tó lò ó, kí a sì kọ ìyípadà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Áàpù gbọ́dọ̀ kọ àdírẹ́sì tí ó tọ́ka sí àwọn kọ̀ǹpútà inú ilé, kí ọ̀tá má baà fi í wo ohun tí ó wà lẹ́yìn ògiri.

Òfin nọ́ńbà 2013-450 ti ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ọdún 2013 ni ó ń dáàbò bo dátà ènìyàn ní Côte d'Ivoire, ARTCI sì ni aláṣẹ rẹ̀. Òfin náà béèrè àṣẹ kí a tó kó irú dátà bẹ́ẹ̀ lọ sí orílẹ̀-èdè tí kò sí nínú ECOWAS. Nítorí èyí, pípààrọ̀ sáfà Abidjan pẹ̀lú ti Yúróòpù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ nìkan.

Ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Ààtò tí ó tọ́ nínú áàpù kò tó. Orúkọ ibùgbé orí íntánẹ́ẹ̀tì, bí àpẹẹrẹ èyí tí ó parí pẹ̀lú .ci, gbọ́dọ̀ kéde nínú DNS pé sáfà tuntun náà ní àṣẹ láti ránṣẹ́ lórúkọ rẹ̀. SPF, DKIM àti DMARC ni ìlànà tí ó wà fún èyí. Láti oṣù kejì ọdún 2024, Google ń béèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́ àwọn tí ń fi lẹ́tà tí ó tó 5,000 ránṣẹ́ sí Gmail lójúmọ́. Ìkéde DNS lè pẹ́ kí ó tó tàn káàkiri, nítorí náà a gbọ́dọ̀ ti kéde sáfà ìpamọ́ sílẹ̀ kí wàhálà tó dé. Bẹ́ẹ̀ sì ni sáfà méjì tí okùn kan náà so mọ́ ayé jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo. Bí okùn náà bá já, àwọn méjèèjì ni yóò dákẹ́.