Àṣìṣe Tó Ń Bo Àṣírí

Ní táàmù tó kọjá, mo fi ẹnà kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ mi: "mo ń bọ̀" di "mogo ń bọ̀gọ̀". Ẹnì kan já a gbà, ó yọ àfikún kúrò, ó kà á sókè fún gbogbo kíláàsì. Ojú tì mí! Látìgbà náà ni mo ti ń wádìí bí àṣírí ṣe ń bò.

Àfikún wúlò o, àmọ́ fún nǹkan mìíràn. Ẹ fetí sí gángan nítòsí ààfin Aláké ní Aké níbí. Ohùn nìkan ló ń sọ: dò-mí ni "ìyá", dò-mí náà ni "ìwé". Kí a má baà ṣì í gbọ́, onílù á fi oríkì gùn ún. Kọ̀ǹpútà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: ó lè fi 111 ránṣẹ́ dípò 1. Bí ó bá bàjẹ́ lọ́nà, tó di 101, a ṣì mọ̀ pé 1 ni.

Ní 1978, Robert McEliece, ará Amẹ́ríkà, fi irú ọgbọ́n yìí bo àṣírí, àmọ́ kóòdù tirẹ̀ le ju 111 lọ dáadáa. Ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ á mọ̀ọ́mọ̀ da àṣìṣe sí i. Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ lè tún gbogbo rẹ̀ ṣe; ẹni tó ń yọ́ gbọ́, rúdurùdu ló máa bá.

Ibi tí mo ti kùnà nìyẹn: gbogbo kíláàsì ló mọ ẹnà, kò sí kọ́kọ́rọ́ níbẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kóòdù tó le kò lè gbà yín bí ẹ bá ń sọ páásíwọ̀dù yín kiri.