ÌTÒ RỌ́BÀ ÒFÌFO LÁRA ỌKỌ̀ ONÍDÍSẸ́Ẹ̀LÌ ÀTIJỌ́: ÀLÀYÉ ÀTI ÌFÚNLÓRÚKỌ

1.0 Ìfáárà

Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí ni bí a ṣe lè tọpa àwọn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ń gbé agbára òfìfo kiri inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ onídísẹ́ẹ̀lì àtijọ́, kí a sì dá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn padà sí àyè rẹ̀. Ọkọ̀ tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ ni Mercedes-Benz 300 D, ìran W123, tí wọ́n ṣe ní Jámánì láàárín 1976 àti 1985. Ẹ́ńjìnì OM617 ni ó ń lò, ó sì ní sìlíńdà 5.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ó kan ẹ̀ka-ìmọ̀ èdè nínú ọ̀rọ̀ rọ́bà ọkọ̀. Èdè-ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 dá lé èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni. Ẹ́ńjìnì kò sí lára ohun tí a gbé e kalẹ̀ fún. Àwọn mẹkáníìkì ni wọ́n ń fi ojoojúmọ́ sọ èdè Yorùbá lórí ẹ́ńjìnì. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé orúkọ tí a fún àwọn rọ́bà wọ̀nyí wà lára ohun tí ó ń ṣi àwọn tí ó ń tún wọn ṣe lọ́nà.

2.0 Òfìfo àti Afẹ́fẹ́

Láti Bẹẹrẹ títí dé Bẹyẹrúnkà, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni "rọ́bà afẹ́fẹ́". Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ yìí yóò ronú sí ohun tí ó kún, bí i ti táyà. Bí rọ́bà náà bá lu, yóò máa wá ibi tí afẹ́fẹ́ gbé ń jáde, gẹ́gẹ́ bí fọkaníṣà ṣe ń ri túùbù sínú omi láti wo ibi tí yóò ti hó. Ṣùgbọ́n níhìn-ín, afẹ́fẹ́ kò jáde rárá. Ńṣe ni ó ń wọlé.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọmọdé tí ó ń fi sítíróò mu míníràlì. Ẹnu ọmọ náà mú afẹ́fẹ́ inú sítíróò kúrò. Afẹ́fẹ́ ìta wá ti ohun mímu náà gòkè láti gba àyè tí ó ṣófo. Bí sítíróò náà bá ní ihò, afẹ́fẹ́ ni ọmọ yóò máa fà sẹ́nu. Àyè tí ó ṣófo yìí ni a ń pè ní òfìfo. Létí òkun, afẹ́fẹ́ tí ó yí wa ká lè ti mẹ́kúúrì gòkè tó ínǹṣì 30. Pọ́ǹpù òfìfo tí ara rẹ̀ le yẹ kí ó fa ju ínǹṣì 20 lọ nínú iye yìí.

Ẹ́ńjìnì oníbẹntiróòlù kò nílò pọ́ǹpù fún èyí. Abala irin kan ń dí ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú rẹ̀, òfìfo sì ń dá sílẹ̀ lẹ́yìn abala náà. Irú ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì tí a ń sọ yìí kì í dí ọ̀nà afẹ́fẹ́. Iye epo nìkan ni ó ń dín kù tàbí tí ó ń fi kún. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ fi pọ́ǹpù ọ̀tọ̀ fa òfìfo. Mẹkáníìkì tí ó kọ́ṣẹ́ lórí oníbẹntiróòlù lè wá òfìfo lọ sí ibi tí kò sí.

3.0 Ọ̀nà tí Òfìfo ń Gbà

Iwájú ẹ́ńjìnì ni pọ́ǹpù òfìfo wà. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ńlá kan ti lọ sí búsítà bíréèkì, ìyẹn igbá onírin tí ó ń ran ẹsẹ̀ awakọ̀ lọ́wọ́. Ara ọ̀nà ńlá yìí ni àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ ti ya lọ sí ibi wọ̀nyí:

(i) Apa-ẹ́ńjìnì. Ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì kò ní iná púlọ́ọ̀gì tí a lè gé. Epo ni a ó gé. Bí a bá yí kọ́kọ́rọ́ padà, fáàfù kékeré tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò ṣí, òfìfo yóò sì dé ara pọ́ǹpù epo láti fa irin tí ó ń dá epo dúró.

(ii) Àwọn ilẹ̀kùn, níbi tí òfìfo ti ń tì wọ́n pọ̀, tí ó sì ń ṣí wọn pọ̀.

(iii) Jíà aládàáṣe, níbi tí òfìfo ti ń mú kí ìyípadà jíà rọlẹ̀.

(iv) Ẹ̀rọ amúlétutù, lára ọkọ̀ tí ó bá ní in.

Ihò bíńtín ni ó wà níbi tí àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ ti ya kúrò lára ọ̀nà ńlá. Iṣẹ́ ihò náà ni pé bí ọ̀kan nínú wọn bá lu, kò ní tètè gba agbára mọ́ bíréèkì lọ́wọ́.

4.0 Àìsàn àti Orísun Rẹ̀

Ní agbo ilé wa ní Bẹyẹrúnkà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní irú ọkọ̀ yìí. Ní ọjọ́ kan, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnì kò kú. Ọwọ́ irin tí a kọ STOP sí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni ó fi ń pa á fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Jíà náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta ènìyàn síwájú. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní kí a tú pọ́ǹpù epo. Èkejì ní jíà ti kú. Bí a bá gba tiwọn, owó ọjà oṣù mélòó kan ni ìbá bá a lọ. Nígbẹ̀yìn, rọ́bà kan tí ó sán nínú ilẹ̀kùn awakọ̀ ni a bá.

Ohun tí àpẹẹrẹ yìí fi hàn ni pé ìkòkò kan ni gbogbo ẹ̀yà wọ̀nyí ti ń bu. Ibi tí ìkòkò ti jò lè jìnnà sí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Ẹni tí ó bá ń tẹ̀lé àmì àìsàn nìkan yóò tú ohun tí kò bàjẹ́.

5.0 Ìlànà Ìtò

(a) Bíréèkì ni a ó kọ́kọ́ dán wò. Kí a pa ẹ́ńjìnì, kí a tẹ bíréèkì léraléra títí yóò fi le, kí a fi ẹsẹ̀ sí i, kí a sì ṣíná. Ó yẹ kí ó rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Bí kò bá rọ̀, kí ọkọ̀ náà má ṣe kúrò lójú kan.

(b) Kí a yọ gbogbo rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́, kí a dí ojú ihò wọn, kí a sì fi gééjì wọn òfìfo lójú ọ̀nà ńlá. Bí kò bá tó 20, pọ́ǹpù, búsítà tàbí ọ̀nà ńlá fúnra rẹ̀ ni kí a yẹ̀ wò.

(c) Bí ó bá pé, kí a dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí gééjì bá wálẹ̀ lé lórí ni àìsàn wà.

(d) Kí a pín ẹ̀ka náà sí méjì, kí a dán apá kọ̀ọ̀kan wò, títí a ó fi dé ojú ibẹ̀. Ní ti ilẹ̀kùn, kí a dán an wò ní títì àti ní ṣíṣí, nítorí ó lè jẹ́ ọ̀kan nínú méjèèjì ni yóò máa jò.

(e) Kí a má fi ẹnu fa rọ́bà apa-ẹ́ńjìnì. Bí awọ inú rẹ̀ bá ya, ọ́ìlì ẹ́ńjìnì lè gba ibẹ̀ jáde.

Àwọ̀ rọ́bà lè ràn wá lọ́wọ́: aláwọ̀ ilẹ̀ ni ti apa-ẹ́ńjìnì, pupa rúsúrúsú bí ìyeyè sì ni ti ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogójì ọdún, ọ̀pọ̀ ọwọ́ ti kan wọn, àwọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí mọ́. Ibi tí rọ́bà ti wá àti ibi tí ó ń lọ ni ẹ̀rí.

Ohun tí ó léwu jù ni kí a fi ìsopọ̀ lásán rọ́pò èyí tí ó ní ihò bíńtín. Ìjò inú ilẹ̀kùn yóò wá di ti bíréèkì. Ẹni tí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè Mápó sí Bẹẹrẹ lọ́jọ́ ọjà, tí èrò kún títì, ni yóò mọ ìyàtọ̀ wọn.

6.0 Ìkádìí

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé orísun ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ìtò, kí a tó lọ sí ibi tí àìsàn ti farahàn. A dábàá "rọ́bà òfìfo" dípò "rọ́bà afẹ́fẹ́". A sì dábàá pé nígbà tí rọ́bà bá lu, kí a má sọ pé "ó ń yọ afẹ́fẹ́" mọ́, kí a sọ pé "ó ń mu afẹ́fẹ́". Bí ọmọṣẹ́ bá ti gbọ́ gbólóhùn yìí, yóò ti mọ̀ pé omi àti ọṣẹ fọkaníṣà kò lè bá òun wá ihò náà.