Òkété Tó Gbọ́n: Ṣé Ó Yẹ Ká Dè É Mọ́lẹ̀?

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa ní Alábàtà àti àwọn abúlé tó yí i ká, òkété kì í ṣe àlejò yín. Òun ló ń wú ẹ̀gẹ́ jẹ, òun ló ń kó ekùrọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbé wọ ihò. Bí ẹ bá gbẹ́ ihò rẹ̀, tí ẹ pa á lẹ́ẹ̀kan náà fún ọbẹ̀, ọ̀rọ̀ tòní kò kàn yín. Èyí táwọn ọmọ ń mú láàyè, tí wọ́n ń so okùn mọ́ ní ìbàdí, tí wọ́n láwọn fẹ́ kọ́ ní eré, òun là ń sọ.

Òkété gbọ́n ju bí a ṣe rò lọ. Ní Morogoro, ní ilẹ̀ Tanzania, àjọ APOPO ń kọ́ ìbátan òkété tiwa láti máa gbóòórùn àdó olóró tí ogun fi sílẹ̀ nínú ilẹ̀. Wọ́n tún ń kọ́ wọn láti fi òórùn mọ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ẹni tó ní ikọ́ fée. Ọ̀kan nínú wọn, Magawa, rí àdó tó lé ní 70 ní Cambodia. Àjọ kan ní ìlú Òyìnbó fún un ní àmì-ẹ̀yẹ wúrà lọ́dún 2020. Ó fẹ̀yìntì ní 2021, ó kú ní 2022.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ́ wọn? Kò sí ẹgba níbẹ̀. Bí òkété bá mọ òórùn náà, nǹkan kékeré kan á dún "kẹ́", wọ́n á sì fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ẹ̀pà. Àárọ̀ kùtù ló ń ṣiṣẹ́, torí oòrùn kì í bá a lára mu. Wọ́n tiẹ̀ ń fi ìpara pa á létí kí oòrùn má jó o. (Àwa tá a wà lóko látàárọ̀ ò rí irú ẹ̀ rà!)

Síbẹ̀, ta ló bi òkété bóyá ó fẹ́ ṣiṣẹ́ yìí? Ìbéèrè gidi ni. Kò lè fẹnu sọ, àmọ́ á máa gé kéèjì jẹ, á máa sá pamọ́, á kọ oúnjẹ. Lójú tiwa, ẹni tó bá mú ẹranko tó lóye kúrò nígbó ti jẹ ẹ́ ní gbèsè oúnjẹ, ìsinmi àti ìtọ́jú ọjọ́ ogbó. Ọdẹ mọ èyí, ìdí nìyẹn tó fi ń fún ajá rẹ̀ ní ìpín tirẹ̀ nínú ẹran.

Òkété ṣeé sìn o. Yunifásítì Ìbàdàn ti dán an wò láàárín ọdún 1970 sí 1980. Kéèjì onírin ni kẹ́ ẹ lò, torí á gé pákó jẹ. Ẹ ṣe igun òkùnkùn sínú ẹ̀, kẹ́ ẹ kó koríko gbígbẹ sí i. Ọ̀sán ló ń sùn, ẹ má jí i fún àlejò wò. Ẹ má kó akọ méjì tó ti dàgbà pọ̀, wọn á ja ara wọn pa.

Ẹ má sì gbé e sí yàrá tẹ́ ẹ̀ ń sùn. Lọ́dún 2003, òkété àti eku mìíràn tí wọ́n kó láti Ghana lọ sí Amẹ́ríkà láti fi ṣe ohun ọ̀sìn ló kó àrùn monkeypox débẹ̀, ó sì ran èèyàn. Kí àwọn ọmọ máa fi ọṣẹ fọwọ́.

Bí ẹ ò bá lè ṣe gbogbo èyí, ẹ tú okùn ìbàdí ẹ̀ lónìí. Ẹ dá a padà sígbó tó jìnnà sóko, tàbí kẹ́ ẹ pa á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Méjèèjì sàn ju kó máa bá okùn jà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ.