Ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè: Ṣé yóò kọ́ àwọn ọmọ wa lẹ́kọ̀ọ́ ni, àbí yóò sọ wọ́n di ọ̀lẹ?

Láti ìparí oṣù kọkànlá, ọdún 2022, tí ilé-iṣẹ́ OpenAI ti gbé ChatGPT jáde, ni ọ̀rọ̀ ọgbọ́n àtọwọ́dá, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní AI, ti di àríyànjiyàn láàrin àwọn òbí àti olùkọ́. Àwọn kan ní ìrànlọ́wọ́ ńlá ló dé, àwọn mìíràn ní yóò ba ọmọ jẹ́ ni. Ìwádìí méjì tí wọ́n ṣe nílé ẹ̀kọ́ girama fi hàn pé òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ tọ̀tún-tòsì.

Àkọ́kọ́ wáyé nítòsí wa, ní ìlú Benin, ní ìpínlẹ̀ Ẹdó. Ní oṣù kẹfà sí oṣù keje, ọdún 2024, Báńkì Àgbáyé ṣètò ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ SS1 lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá parí. Copilot, tí í ṣe ti ilé-iṣẹ́ Microsoft, ni wọ́n fi ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Méjì-méjì ni àwọn ọmọ náà ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, olùkọ́ sì wà níbẹ̀ tó ń tọ́ wọn sọ́nà. Nígbà tí wọ́n ṣe ìdánwò, wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò sí nínú ètò náà lọ. Àwọn olùwádìí ní ìyàtọ̀ náà tó ohun tí ọmọ ń kọ́ láàrin ọdún kan ààbọ̀ sí ọdún méjì.

Ìkejì wáyé lórílẹ̀-èdè Tọ́kì lọ́dún 2023, níbi tí àwọn olùwádìí Yunifásítì Pennsylvania ti dán an wò lórí ìṣirò pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000. Àwọn tó ń lo ẹ̀rọ náà bó ṣe wà fi ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún ṣe dáadáa ju àwọn tí kò lò ó nígbà ìdánrawò. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ wọn, tí ìdánwò dé, wọ́n fi ìdá 17 rẹ̀yìn sí àwọn tí kò fọwọ́ kàn án rí. Àwọn tí ẹ̀rọ tiwọn kì í sọ ìdáhùn, tó jẹ́ pé atọ́nà tí àwọn olùkọ́ ti là sílẹ̀ ló ń fún wọn, kò rẹ̀yìn rárá.

Kí ló fà á? Ẹni tó ń da ìdáhùn kọ kò tíì ronú, ẹni tí kò bá sì ronú kò tíì kọ́ nǹkan kan. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ̀rọ yìí kò mọ òótọ́ yàtọ̀ sí irọ́. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń díwọ̀n ọ̀rọ̀ tó yẹ kó tẹ̀lé èyí tó ṣáájú, látinú ọ̀kẹ́ àìmọye ìwé tí wọ́n ti fi kọ́ ọ. Nítorí náà, ó lè fi ìdánilójú sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ gbìyànjú fúnra rẹ̀. Kó ní kí ẹ̀rọ ṣàlàyé fóun, kó má ṣe ní kó bá òun ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ẹ rántí pé fóònù kò gbọdọ̀ wọ gbọ̀ngàn ìdánwò WAEC. Ìjọba náà ní iṣẹ́ láti ṣe: láìsí iná mànàmáná àti kọ̀ǹpútà, àwọn ọmọ olówó nìkan ni àǹfààní yìí yóò kàn.

Bí ọmọdé bá ń gégi nígbó, àgbà ló mọ ibi tí yóò wó sí. Iṣẹ́ olùkọ́ kò tíì tán.