Ohun Tí Mò Ń Ṣe Lóru

"Ìyá Rìsí, mo máa ń rí iná yàrá yín láago mẹ́ta òru. Ṣé ìrun márùn-ún ojúmọ́ ò tó yín ni?" Ìyá Ìbejì tí ilé wọn kọjú sí tiwa ni wọ́n bi mí bẹ́ẹ̀ lẹ́nu kànga. Mo rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà kọjá èyí tí èèyàn ń dáhùn pẹ̀lú korobá omi lọ́wọ́, ni mo bá ní kí n jókòó kọ ọ́.

Ìrun márùn-ún tó, Ìyá Ìbejì. Ọ̀ranyàn nìyẹn, láti àsùbáà títí dé ìṣáì. Èyí tí ẹ ń rí iná rẹ̀ yàtọ̀, Istikhara ni à ń pè é. Inú ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tó túmọ̀ sí oore ni wọ́n ti fa orúkọ náà yọ, pé èèyàn ń wá oore. Ẹni tí ọ̀nà méjì là sílẹ̀ níwájú rẹ̀, tí kò mọ èyí tí yóò tọ̀, òun ló ń ṣe é. Ẹ má sì rò pé èdè àjèjì ni mo ń sọ sí yín o. Ọ̀rọ̀ tí à ń pè ní àdúrà gan-an, ọ̀dọ̀ Lárúbáwá la ti yá a, ẹ̀yin náà sì ń lò ó ní ṣọ́ọ̀ṣì tọ̀sán-tòru. Wàásù ń kọ́? Àlàáfíà ń kọ́? Ibì kan náà ni gbogbo wọn ti wá.

Ṣíṣe rẹ̀ kò nira. Màá gbé búútà, màá ṣe àlùwàlá, màá tẹ́ ẹní ìkírun, màá kí ráká méjì tí kì í ṣe ọ̀ranyàn. Bí mo bá ti sálámà tán, màá tẹ́wọ́, màá wá ka àdúrà rẹ̀. Jabir ọmọ Abdullah, ọ̀kan nínú àwọn sàhábà, ìyẹn àwọn alábàárìn Ànábì, ní Mẹ̀dínà, ló ròyìn pé bí Ànábì ṣe ń kọ́ àwọn ní súrà inú Kùránì ló ṣe ń kọ́ àwọn ní àdúrà yìí, pé gbogbo ọ̀ràn ló sì wà fún. Ìròyìn náà wà nínú ìwé hádíìsì Bukhari.

Inú àdúrà yìí ni adùn ọ̀rọ̀ wà, ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́. Ohun tí èèyàn kọ́kọ́ ń sọ fún Ọlọ́run ni pé òun kò mọ̀, Ọlọ́run ló mọ̀. Òun kò lágbára, Ọlọ́run ló ni agbára. Lẹ́yìn náà ni yóò wá dárúkọ ọ̀ràn rẹ̀. Kò gbọdọ̀ fi bò. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ló fẹ́ rà, yóò pe ilẹ̀ náà. Bó bá jẹ́ ọkọ ló fẹ́ fẹ́, yóò dárúkọ ọkùnrin náà. Yóò ní bí nǹkan yìí bá dára fún ẹ̀sìn òun, fún ìjẹ-ìmu òun àti fún ìgbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ òun, kí Ọlọ́run kọ ọ́ mọ́ òun, kó mú un rọrùn fún òun, kó fi ìbùkún sí i. Bó bá sì jẹ́ ibi, kí Ó gbé e jìnnà sí òun, kí Ó sì gbé òun náà jìnnà sí i.

Ẹ̀yin náà ẹ wo ìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ló bẹ̀bẹ̀ fún ìjìnnà. Ohun tí a fẹ́ lè lọ tán kí ọkàn ẹni ṣì máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, bí ajá tó ń tẹ̀lé ọ̀nà tí olówó rẹ̀ gbà lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bẹ Ọlọ́run pé kó yọ nǹkan náà lọ́wọ́ wa, kó sì yọ ọ́ lọ́kàn wa pẹ̀lú. Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn ni pé kí Ó pín oore fún òun níbikíbi tó bá wà, kó sì jẹ́ kí oore náà tẹ́ òun lọ́rùn.

Kì í ṣe ìgbà gbogbo là ń kí irú ìrun yìí. A kì í kí i lẹ́yìn àsùbáà títí oòrùn yóò fi yọ, tàbí nígbà tí oòrùn bá wà ní àtàrí, tàbí lẹ́yìn alásàrí títí oòrùn yóò fi wọ̀. Èmi fẹ́ràn òru nítorí pé àwọn ọmọ ti sùn, jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé kejì náà sì ti dákẹ́. A kì í sì ṣe é lórí ohun tí Ọlọ́run ti pa láṣẹ tàbí tó ti kọ̀. Kò sẹ́ni tó ń ṣe Istikhara bóyá kí òun san gbèsè tí òun jẹ.

Ẹ lè bi mí pé, ṣé kì í ṣe ohun tí àwọn baba wa ń wá lọ sọ́dọ̀ babaláwo nìyí? Ohun tí ń lé ènìyàn kiri jọra, bí ó ṣe ń lọ ni kò jọra. Lọ́dọ̀ babaláwo, ẹni tó wá dáfá á sọ ọ̀ràn rẹ̀ sí owó wúyẹ́wúyẹ́, odù tó bá yọ ni babaláwo yóò sì fi fèsì. Àwọn ará Mẹ́kà ayé ọjọ́un náà ní tiwọn: ọfà ni wọ́n ń fà bí ìbò. Ìtàn sọ pé ọ̀kan nínú ọfà náà ń pàṣẹ, ọ̀kan ń kọ̀, ọ̀kan kò sì ní ohunkóhun lára. Bó bá jẹ́ òun ló jáde, wọ́n á tún un fà. Súrà karùn-ún nínú Kùránì sọ ọfà yẹn di èèwọ̀. Istikhara kò fún èèyàn ní odù, kò fún un ní ọfà. Ẹni tó bá ṣe é, ńṣe ló máa dìde lórí ẹní láìgbọ́ ohùn kankan.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ nínú àwa mùsùlùmí ti ṣìnà, ó sì ń dùn mí. Wọ́n á gbé owó fún àfáà pé kó bá àwọn ṣe Istikhara, àfáà á sùn, ilẹ̀ á mọ́, á ní òun rí ẹyẹ funfun, kí wọ́n lọ fi àgbò ṣe sàárà. Ẹ wo àdúrà náà láti òkè délẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ àlá nínú rẹ̀. Ẹni tí ọ̀ràn ń dùn ló yẹ kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ohun tó yẹ kó ti ọ̀dọ̀ èèyàn wá ni ìmọ̀ràn, ìyẹn sì ṣe pàtàkì débi pé súrà kejìlélógójì ń jẹ́ Ìjíròrò. Kí èèyàn kọ́kọ́ bi àwọn tó mọ̀ nípa ọ̀ràn náà, kó ṣírò owó rẹ̀, kó tó tẹ́ ẹní.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, mo fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù kan ní oríta. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi, mo bi ẹni tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo kó owó ọdún méjì jọ. Mo ṣe Istikhara lóru mẹ́ta. Àlá kan ṣoṣo tí mo lá ni pé ewúrẹ́ ń jẹ léèsì mi, ẹ̀wà tí mo jẹ sùn ni mo sì dá a lẹ́bi. Ọkàn mi ṣì wà níbẹ̀, mo gbé owó dìde. Ìgbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti gba owó lọ́wọ́ ẹlòmíì lówùúrọ̀ ọjọ́ náà. Mo sunkún wálé. Ṣùgbọ́n mo rántí pé èmi fúnra mi ni mo bẹ Ọlọ́run pé bí kò bá dára, kó mú un lọ. Ẹni tó gba ṣọ́ọ̀bù náà ṣì wà níbẹ̀, ọjà rẹ̀ sì ń yá. Mi ò lè sọ fún yín pé ewu kan wà níbẹ̀ tí Ọlọ́run yọ mí nínú rẹ̀. Ohun tí mo lè sọ ni pé oorun mi kò dàrú ju ọjọ́ méjì lọ, mi ò sì ṣépè fún ẹnikẹ́ni.

Ìyá Ìbejì, bí ẹ bá tún rí iná mi lóru ọ̀la, ọ̀rọ̀ Rìsí ni. Wọ́n fún un níṣẹ́ ní Kánò, iṣẹ́ mìíràn sì wà fún un nílé níbí, a kò tíì mọ èyí tí a ó mú. Ẹ jọ̀ọ́, láti ojú fèrèsé tiyín lọ́hùn-ún, ẹ bá wa ṣe àmín sí i.